Bí Mo Ṣe Kọ Ètò Rédíò Lórí Larry Munson ní Èdè Yorùbá

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, àwọn tó ń bójú tó ètò rédíò Yorùbá tí a máa ń gbé sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn wa ní agbègbè Atlanta ní kí n múra ètò oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ lórí ẹnì kan tó fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun. Mo mú Larry Munson, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, fún Yunifásítì Georgia lórí rédíò láti ọdún 1966 títí di ọdún 2008. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn, síbẹ̀ wọn kò mọ ohùn tí àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí fi odindi ọdún méjìlélógójì gbọ́.

Mo kọ́kọ́ to ìrìn àjò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n bí i ní Minneapolis ní ọdún 1922; ó ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara pa nínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tó sì jáde, ó fi 200 dọ́là tí wọ́n fún un san owó ilé ẹ̀kọ́ rédíò. Ó ṣiṣẹ́ ní Devils Lake ní North Dakota, ó kọjá sí Cheyenne ní Wyoming, níbi tó ti bá Curt Gowdy, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá bíi tirẹ̀, ṣiṣẹ́, tó sì gba ipò rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù Yunifásítì Wyoming nígbà tí Gowdy lọ. Ní ọdún 1947, ó dé Nashville, ó ń ròyìn eré Yunifásítì Vanderbilt. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí Georgia tó gbà á. Ariwo tó pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní ọdún 1980, tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká, ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ìwé mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo pa á rẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti Devils Lake.

Ibi tó gba àkókò jù lọ ni yíyí ariwo náà gan-an sí Yorùbá. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1980, ní ìlú Jacksonville, ikọ̀ Florida ní àmì 21, ikọ̀ Georgia ní 20, kò sì kù ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù wà ní yáàdì keje níwájú ilé Georgia. Ìgbìyànjú kẹta nínú mẹ́rin ni, wọ́n sì nílò yáàdì mọ́kànlá kí bọ́ọ̀lù má bàa bọ́ sọ́wọ́ Florida. Buck Belue ti Georgia ju bọ́ọ̀lù sí Lindsay Scott, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Scott sì gbé e sáré wọlé. Yáàdì 93 ni gbogbo rẹ̀. Munson ń ka yáàdì tó kù bí ó ṣe ń sáré: 25, 20, 15, 10, 5, lẹ́yìn náà ló pe orúkọ rẹ̀ léraléra. Kí ahọ́n mi tó parí “márùndínlọ́gbọ̀n”, ọmọkùnrin náà ti kọjá! Etí Yorùbá ní láti gòkè dé ọgbọ̀n kó tó padà sẹ́yìn. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ogún: ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́wàá, márùn-ún. Ó ṣe mí bíi kí n fi oríkì kún orúkọ náà, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ lásán bí Munson ṣe pè é.

Munson máa ń pe ikọ̀ Georgia ní “àwa”, ìbẹ̀rù pé a máa pàdánù sì máa ń hàn nínú ohùn rẹ̀. Àwọn kan kò fẹ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní tèmi, rédíò ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀, nítorí pé ọmọ ilé ló ń bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀; mo lo “a” jálẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò rí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, mo sì ka ìṣẹ́jú yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi parí, wọ́n wá béèrè pé, “Ọmọ mi, ta ló ń lé e?” Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti ka yáàdì tán láìsọ pé àwọn ará Florida ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo tún kà á, Màmá ní, “Ó bọ́ lọ́wọ́ wọn!” kí n tó dé ibi tí ó ti wọlé. Mo wá fi àga kún un, torí Munson sọ lórí afẹ́fẹ́ pé òun ti fọ́ àga onírin tí òun jókòó lé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gba ohùn sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ kò gùn: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní orí ní ọdún 2008, ó padà sídìí gbohùngbohùn, ó ròyìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì nílé, ó sì fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹsàn-án. Ó kú ní Athens ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2011, ní ẹni ọdún 89. Mo ka apá yẹn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mo sì yọ orin tí a fẹ́ fi sábẹ́ rẹ̀ kúrò.