Bí mo ṣe borí èépá orí, lẹ́yìn tí ìpara ti gbówó lọ́wọ́ mi

6,000 sẹ́fà! Iye tí onídìrí kan gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn lórí ike ìpara kékeré kan. Ó ní tí n bá ti ń fi í ra awọ orí mi láràárọ̀, ọ̀rọ̀ èépá ti parí nìyẹn. Ìpara náà ń ta sánsán, n kò purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí n tó lò ó dé ìdajì, èépá ti pọ̀ sí i. Mo padà lọ bá a, ó ní kí n ra ike kejì, pé ṣe ni ti àkọ́kọ́ ń fa àìsàn náà jáde. Ẹ gbọ́ ná!

Aránṣọ ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nítòsí ọjà Ouando. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé orí títẹ̀ la fi ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Aṣọ dúdú ìsìnkú ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Bí mo bá ti họ orí báyìí, nǹkan funfun á já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, á há sí ojú ibi tí mo rán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a títí. Oníbàárà dé, ó fi ìka méjì ṣa ẹyọ kan kúrò lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju owó ìpara lọ.

Mo bá gba fàmásì lọ. Ṣáńpù tó ní òògùn kan tó ń jẹ́ ketoconazole, ìdá 2 nínú 100, ni wọ́n fún mi, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ìpara. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ti irun títú àti fífọ̀, n kò ní kọ́ yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tètè ṣan án dànù. Òògùn ni, kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ fi ìka pa á dé awọ orí, kó hó, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5.

Ibi tí iṣẹ́ ti há wá ni ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Agboolé kan náà la jọ ń gbé, ọmọ Kétu ni wọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá fọ irun tán ni Ìyá máa ń jókòó lórí àpótí, tí wọ́n á pè mí sáàárín orúnkún wọn, ìgò àdín lọ́wọ́. “Ìyàwó mi, orí rẹ gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́.” Kí n tó dáhùn, àdín ti ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí mi wálẹ̀. Ìyàwó wo ló máa yọ orí kúrò lábẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ? Mo dúpẹ́, mo dìde. Kò ní pẹ́, orí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ó burú débi pé n kì í sùn.

Ìbínú ni mo bá padà lọ sí fàmásì. Apòògùn jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó wá bi mí pé, “Kí lẹ fi ń pa á tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán?” Mo ní àdín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun kan wà tó ń jẹ́ Malassezia, irú ìwúkàrà kan tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé lórí gbogbo àgbàlagbà. Òróró ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó bá sì kù lẹ́yìn tó jẹun ló ń ta àwọn orí mìíràn, tí awọ fi ń bó. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ kúrò la tún ń bọ́ ọ. Ìpara 6,000 sẹ́fà náà ńkọ́? Òróró ló pọ̀ nínú rẹ̀!

Ó wá ku bí màá ṣe wí fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Àdín la fi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Ṣé orí rẹ̀ bó ni?” Láti ìgbà náà, bí mo bá kí wọn, “hùn” ni ìdáhùn. Ọkọ mi ní òun kò sí níbẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ọgbọ́n kan tó sọ sí mi nínú. Mo gbé ìgò àdín fúnra mi, mo lọ bá wọn: “Ìyá, ẹ bá mi fi sí ṣóńṣó irun nìkan, ẹ jẹ́ kí awọ orí kọ́kọ́ sàn.” Ojú wọn là. Báyìí, àwọn gan-an ló ń bá àwọn aládùúgbò wí pé kí wọ́n má da òróró sórí èépá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.

Èépá náà lọ kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé. Kò lọ títí láé o; mo ṣì ń fi ṣáńpù náà fọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ra tirẹ̀, kí ẹ wò ó bó ṣe máa fò sókè níbi tó ti họra. Tí ó bá jẹ́ orí ọmọdé ni, tí irun ń já, tó ń pá róbótó róbótó, làpálàpá nìyẹn, òògùn jíjẹ ló ń wò ó. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má wulẹ̀ ra ṣáńpù.