Ìtẹ́nú Bàtà fún Ẹni Tó Ní Ìtọ̀ Ṣúgà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Bí ìtọ̀ ṣúgà bá ti ń bá èèyàn gbé pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ a máa jó o, a máa ta á, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kú tipiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn máa ń ní kó lọ ṣe ìtẹ́nú bàtà, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà sábẹ́ ẹsẹ̀ (insole), tí wọ́n fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an ṣe. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn bàbá àti màmá wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ń ná owó gidi sí i, wọ́n á tún wá lò ó lọ́nà tí egbò á fi yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tọ́jú.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn rò pé ìtẹ́nú bàtà ń wo àìsàn ẹsẹ̀ náà sàn. Kì í wò ó. Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora àti ooru jẹ́. Iṣẹ́ ti ìtẹ́nú bàtà ni láti pín ìwúwo ara káàkiri àtẹ́lẹsẹ̀, kó má baà dá lé ìdí àtàǹpàkò tàbí gìgísẹ̀ nìkan. Ibi tí ìwúwo bá dá lé ni awọ ti ń le, abẹ́ awọ líle yẹn sì ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó rí i. Ẹsẹ̀ tó ń jóni lóru lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ta ló ń wọ bàtà sùn? Oògùn àti ìkáwọ́ ṣúgà ló lè ran ìyẹn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ dókítà sì ni wọ́n ti ń bójú tó o.

Mo ti gbọ́ kí èèyàn sọ pé, "Látìgbà tí mo ti ń wọ nǹkan yìí, ẹsẹ̀ ò dùn mí mọ́," tó sì pa oògùn tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ tí kò dunni mọ́ lè jẹ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń fi kan àtẹ́lẹsẹ̀, tó máa ń tẹ̀ bí agbára tí wọ́n fi tì í bá tó gíráàmù 10. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó kàn án, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ewu.

Bàtà fúnra rẹ̀ ló kàn. Àwọn kan á gba ìtẹ́nú tuntun, wọ́n á kì í bọ inú bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń lọ òde. Wọn ò ní yọ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àyè inú bàtà á dín kù, ẹsẹ̀ á ga sókè, orí ìka á máa ha awọ bàtà títí tí yóò fi bó. Ẹ wá bàtà tí inú rẹ̀ jìn, tó fẹ̀ níwájú, tó ní okùn tàbí bẹ́líìtì tó ń dì í mú. Sálúbàtà kò gba ìtẹ́nú rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dúró lórí bébà nírọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹnì kan fi bírò tọ ẹsẹ̀ yín yípo, kí ẹ gé e, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà náà. Bí bébà bá ká lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàtà yẹn ti fún jù, bó ti wù kó dára lójú tó. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ sì kù níwájú ìka tó gùn jù.

Èyí tí ọmọ rà ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí wọ́n kó wálé pẹ̀lú òkírìkà, ẹsẹ̀ yín kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Òmíì jẹ́ ike líle tó ń ti àárín àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ nǹkan á bọ́ ọ sọnù bó bá ti ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ á máa wọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó yẹ ẹsẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà máa ń rọ̀ lókè, á le díẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní kí ẹ tẹ fọ́ọ̀mù tàbí tí wọ́n fi pọ́ọ̀pù (POP, irú èyí tí wọ́n fi ń di eegun tó kán) gba àwòrán ẹsẹ̀ yín. Ṣúmẹ́kà wa mọṣẹ́, àmọ́ kó bá oníṣègùn ṣiṣẹ́ pọ̀ ni.

Ẹ má wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wákàtí kan tàbí méjì ti tó, kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ẹsẹ̀. Bí ojú ibì kan bá pọ́n tí kò sì wálẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é. Màmá kan tó ń tajà ní Odò-Ògbè wọ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, láti ibẹ̀ ó gba ibi ìsìnkú lọ. Nígbà tó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lálẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i. Kò mọ̀ rárá. Ọpẹ́ ni pé ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀, torí àwọ̀ dúdú ì bá ti bo ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ wá inú bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò lè wà níbẹ̀.

Inú ilé náà ń kọ́? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń rìn jù, láìwọ bàtà. Ẹ ní bàtà ilé tí ìtẹ́nú náà wọ̀. Àwa tí à ń ṣe àlùwàlá, ká nu àárín ìka gbẹ dáadáa. Ẹ̀yin ará ìjọ aláṣọ funfun, ẹ wọ bàtà dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn wọlé, ẹ má fẹsẹ̀ lásán tẹ sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti sá. Ẹ má fi bíléèdì gé awọ líle, ẹ má sì fẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò.

Bí egbò bá ti wà níbẹ̀, ìtẹ́nú bàtà kọ́ lọ̀rọ̀ kàn mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tó ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó gbóná ju ìkejì lọ, kódà bí kò bá dùn yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ pé ó yẹ̀. Eegun inú rẹ̀ lè ti máa bàjẹ́, kí ẹ má sì fi rìn mọ́ títí dókítà fi rí i.

Fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bó bá tutù, ibòòji ni kí ẹ sá a sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń lọ sí kíláínì, yálà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tàbí ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ di bàtà tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́ dání, kì í ṣe èyí tí ẹ tọ́jú fún òde. Ibi tí ìtẹ́nú rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú jù ló máa fi ibi tí ìwúwo yín ń dá lé hàn wọ́n.