Lẹ́tà “h” kan ṣoṣo

Náírà 46,000 ni lẹ́tà “h” kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi dòní.

Bọ̀dá mi fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 22. NAEME ló wà, àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ ológun ṣe. Ó lo oṣù mẹ́fà ní NAFRC, ní Oṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́. Adìyẹ sísìn ló fúnra rẹ̀ mú, ó ní kí òun sinmi gíríìsì. Adìyẹ àkọ́kọ́ tó kú ló yí i lọ́kàn padà.

Ẹni tí mo sanwó fún pé kó bá a kọ CV, ìbọn àti ogun ló kó kún inú ẹ̀. Gbogbo ibi tá a fi ránṣẹ́ sí, iṣẹ́ mẹ́gádì ni wọ́n fi ń lọ̀ wá. Mo fà á ya. Mo jókòó ti bọ̀dá mi, mo ní: “Bọ̀dá mi, ẹ gbàgbé ipò yín ná. Bẹ́ ẹ bá jí ní bárékè, kí lẹ máa ń ṣe gan-an?” Ó ń fìka kà á: lọ́rì mélòó, ẹ́ńjìnnì wo, ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni mo kọ, mi ò fi iyọ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, iléeṣẹ́ kan tó ń fi tírélà kó ẹrù pè é. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀.

Àfi bá a ṣe kó ìwé dé ọ́fíìsì wọn. Ṣ wà nínú orúkọ bàbá wa. Akọ̀wé tó gba bọ̀dá mi sójà fi “sh” kọ ọ́; àwọn tó ṣe NIN fi “s” lásán kọ ọ́. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo ìwé méjèèjì, ó ní: “Bàbá, ẹni méjì lẹ jẹ́ níbí.” Mo ṣàlàyé títí pé àmì ló wà lábẹ́ s yẹn, ẹlòmíì á fi h dípò rẹ̀, ẹlòmíì á fò ó. Yorùbá lòun náà o! Ó ní kọ̀ǹpútà òun ò mọ àmì ìsàlẹ̀. Bọ̀dá mi tó ti sùn nínú igbó Sambisa ò lè fèsì. Ó kàn ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

A lọ búra ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní ìyẹn ò tó, ká gbé e sínú ìwé ìròyìn. A sanwó, a dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó jáde, etí títì ni mo ti ṣí i: ẹni tó ń jẹ́ lágbájá tẹ́lẹ̀, lágbájá ni yóò máa jẹ́ báyìí. Orúkọ kan náà ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! “H” tá a torí ẹ̀ sanwó, wọ́n ti gé e dànù. Ọ̀sẹ̀ kan tún lọ kí wọ́n tó tún un tẹ̀, owó tuntun sì ni. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ iléeṣẹ́ kí wọ́n má tíì mú ẹlòmíì.

Tẹ́ ẹ bá ní sójà tó kù bí ọdún kan kó fẹ̀yìn tì, ẹ fi CV sílẹ̀ ná. Ẹ kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀, NIN àti BVN sórí tábìlì kan, kẹ́ ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí akọ̀wé tó lè tún un ṣe ṣì wà ní bárékè. Trade test ìjọba náà, ìdánwò tó ń fi hàn pé èèyàn mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tètè ṣe é. Wọ́n béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Oṣù kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní káàdì iléeṣẹ́, orúkọ ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó wo fọ́tò.