Bí A Ṣe Ń Fún Omi Ọmú Jáde Nínú Bàálù Tí Ìrìn-Àjò Bá Jìn

Ọmọ mi pé oṣù márùn-ún nígbà tí mo gbéra ní Tanke, n'Ílọrin, mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Màmá mi ló gba ọmọ. Mo ti fún ọmú láàárọ̀, mo ní ó tó. Nígbà tí mọ́tò wa fi gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn dé pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó, ọmú mi ti le gbagidi, omi rẹ̀ ti rin bùbá mi gbindin. Mo sunkún nínú bàálù. Ẹ̀yin abiyamọ, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Láti ilé ni kí ẹ ti máa ka wákàtí. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan ju wákàtí 6 lọ, kí a má tíì ro ti ojú ọ̀nà àti ìdúró mọ́ ọn. Bí ọmọ bá ń mu ọmú ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa fún omi ọmú jáde, ìbáà jẹ́ nínú mọ́tò.

Bí ẹ bá tilẹ̀ ní páǹpù oníná, ẹ mú ti ọwọ́ dání. Páwà báǹkì kò gbọdọ̀ wọ ẹrù abẹ́ bàálù. Àpò ọwọ́ ni kó wà. Ẹ tún mú ọ̀rá ìtọ́jú omi ọmú, bírò, ìborùn ńlá àti kúlà kékeré. Yìnyín inú kúlà gbọ́dọ̀ dì dáadáa. Bí kò bá sí iná, ẹ bẹ ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà tútù kó bá yín gbé e sí firíísà rẹ̀ mọ́jú.

Nínú bàálù

Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìgbà tí wọ́n bá kó abọ́ oúnjẹ tán, tí wọ́n pa iná, ló dára jù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àmọ́ ẹ má fún un nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì: ibẹ̀ kò mọ́, èrò á sì máa kanlẹ̀kùn.

Ẹ da ìborùn bo àyà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọmú láti abíyá wá síwájú. Ẹ gbé ẹnu páǹpù lé e kí orí ọmú wà láàárín gan-an, kó má ha á. Ẹ kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ kíákíá, díẹ̀díẹ̀. Tí omi bá ti ń sọ̀, ẹ wá máa fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmú tèmi kọ́kọ́ kọ̀, kò sọ̀ rárá. Mo tan fóònù, mo wo fídíò tí ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín lórí ẹsẹ̀ màmá mi, ara mi rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹ má bu ọ̀rá kún dẹ́nu. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i lára.

Omi ọmú lè wà níta fún wákàtí 4 níbi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 (Celsius) lọ. Ooru Ílọrin kò fàyè gba ìyẹn. Nínú kúlà oníyìnyín, wákàtí 24. Nínú fíríìjì, ọjọ́ 4. Bí yìnyín bá yọ́, ẹ tọrọ sí i lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù, kí ẹ sì gba omi gbígbóná fọ páǹpù.

Bí kò bá síbi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ ṣáà fún un, kí ẹ dà á nù. Ó dunni púpọ̀, àmọ́ ọmú tó kún tí a kò fún lè wú, kó sì di àìsàn. Bí ó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀

Ní Bìrìtìkó, wọ́n gbà kí ìyá gbé omi ọmú tó ju mìlílítà 100 lọ sínú àpò ọwọ́, bí ọmọ kò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ti dì ni wọn kì í gbà, nítorí náà ẹ má gbé e sí firíísà. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó tú àpò yín.