Ilé ìkàwé yunifásítì àti AI: àwọn àṣìṣe tó yẹ ká yẹra fún

Láti Adó dé Ọyẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́, àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti ń dán AI wò, ìyẹn ẹ̀rọ bíi ChatGPT tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ ká tètè jáwọ́ nínú wọn.

Èyí tó burú jù ni ká gba ìwé tí AI dárúkọ gbọ́ láì tíì fojú kan ìwé náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ prójẹ́ẹ̀tì lórí ogun Kírìjì á ní kí AI bá òun kó ìwé jọ. Á kó o jọ lóòótọ́: orúkọ òǹkọ̀wé tó jọ ti ọmọ Yorùbá, jọ́nà (ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí) tó wà lóòótọ́, ọdún, ojú ìwé, títí kan DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ìwádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá tẹ DOI yẹn sórí doi.org. Ó lè má gbé yín débì kankan, ó sì lè gbé yín lọ sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò bá Kírìjì tan rárá. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn ni ẹ̀rọ náà ń tò pọ̀. Àwọn tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn sàn díẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣì í. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní New York bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT kàn dá sílẹ̀, síwájú adájọ́. Bí ó bá mú agbẹjọ́rò, akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ má kọjá lórí tábìlì yín láìjẹ́ pé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ní òun ń dá iṣẹ́ AI mọ̀ dájọ́ ọmọ ọlọ́mọ. OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fúnra wọn pa tiwọn tì ní oṣù keje 2023 torí pé kò péye. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà náà rí i lọ́dún yẹn pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń pe àròkọ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ ní iṣẹ́ AI. Ọmọ Ìjerò tó fara balẹ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló máa jìyà yìí, ó sì ń dùn mí gan-an.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó yá ìwé? Ẹ má kó o sínú AI rárá. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà nílẹ̀.

Ti kátálọ́ọ̀gù ló kù. AI máa ń dá kókó-ọ̀rọ̀ (ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí ìwé dá lé lórí) tí kò sí nínú àkójọ Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá Amẹ́ríkà, sílẹ̀, ó sì máa ń ba àmì ohùn Yorùbá jẹ́. Kó bá yín kọ àkọsílẹ̀ kátálọ́ọ̀gù ti àkọ́kọ́ bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ ṣí ìwé náà fúnra yín kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà tó ń fi àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ hàn mọ́ ọn lẹ́yìn.