Ohun Tó Ń Fa Ìpẹ́ Funfun Lórí Awọ Orí

Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ìpẹ́ funfun bá ń bọ́ sí wọn léjìká, nítorí wọ́n rò pé ọ̀bùn ni wọn yóò pe àwọn. Kì í ṣe ọ̀bùn, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù kì í sì í ràn. Awọ orí gbogbo wa ló ń pààrọ̀ ara rẹ̀: awọ tuntun ń hù láti ìsàlẹ̀, ti àtijọ́ ń re dànù lókè, ó sì máa ń tó bí oṣù kan kí ó tó yí po. Bí iṣẹ́ yìí bá yá ju bó ṣe yẹ lọ, awọ tó ti kú yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, yóò sì máa bọ́ ní wẹ́wẹ́ tí ojú ń rí.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni ohun ẹlẹ́mìí kan tó jẹ́ ìbátan ìwúkàrà, tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malassezia. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àgbàlagbà tí kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀rá tí awọ orí ń sun ni oúnjẹ rẹ̀, ohun tó sì ń ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá náà lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ kì í bá awọ àwọn kan lára mu, ni orí wọn yóò bá máa yún wọn. Ìdí nìyí tó fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ìbàlágà, nígbà tí ọ̀rá ara ń pọ̀ sí i.

Níbi ọ̀rọ̀ epo tí a fi ń pa orí ni mo ti bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ fi ìka méjì pa ìpẹ́ náà wò. Bí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ pọ́n bí ìyeyè, oúnjẹ ni ẹ ń gbé fún Malassezia bí ẹ bá tún da epo sí i. Bí ó bá kéré, tó gbẹ, tí awọ apá àti ẹsẹ̀ náà sì gbẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọṣẹ líle tàbí omi gbígbóná ló fa ọ̀rá orí tán; irú èyí ni ìpara lè ràn lọ́wọ́.

Aró irun tàbí ìpara tuntun náà lè bí awọ orí nínú. Ìpẹ́ tó nípọn, tó ń dán bíi fàdákà, tó tún wà ní ìgúnpá àti orúnkún, lè jẹ́ àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní psoriasis.

Fún ìpẹ́ olọ́ràá, ẹ lo ọṣẹ ìfọrun tó ní ketoconazole, oògùn tó ń gbógun ti Malassezia, nínú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan péré bí irun yín bá jẹ́ èyí tó ń tètè gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ó wà lórí fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kí ẹ tó ṣàn án, nítorí ẹni tó bá ṣàn án lójú ẹsẹ̀ ti da oògùn nù.

Bí irun ọmọdé bá ń já ní ojú kọ̀ọ̀kan níbi tí ìpẹ́ wà, ẹ fura sí làpálàpá. Ìyẹn ń ràn, ìpara kì í sì í dé gbòǹgbò irun. Oògùn mímu láti ilé ìwòsàn ló ń wò ó. Kí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ń ṣomi, tàbí tí kò rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, lọ rí dókítà pẹ̀lú.