Bí Mo Ṣe Nájà ní Lisbon

Kí n tó kúrò ní London ni mo ti pinnu pé ohun tó jẹ́ ti ilẹ̀ Pọ́túgàl nìkan ni n óò rà ní Lisbon. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo jáde, nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ná Feira da Ladra, ọjà àlòkù tó wà ní Campo de Santa Clara.

Táìlì aláràbarà tí wọ́n ń pè ní azulejo ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Wọ́n tò wọ́n sórí aṣọ nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí ọ̀kan padà, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn olè ti ń yọ táìlì lára ilé àtijọ́ ìlú náà, débi pé wọ́n dá ètò SOS Azulejo sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti dáàbò bò wọ́n. Mo bi ẹni tó ń tà á pé ilé wo ni ó ti wá, kò sì rí èsì fún mi, ni mo bá gbé e sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ kan tí obìnrin kan ti ń fi ọwọ́ kun àwọ̀ búlúù sórí táìlì funfun ni mo ti ra méjì. Owó rẹ̀ ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí ọwọ́ tó ṣe é.

Mo ra àpamọ́wọ́ kọ́ọ̀kì fún ìyàwó mi. Èèpo igi ni kọ́ọ̀kì, ọdún 9 sí 9 ni wọ́n sì ń bó o láìgé igi náà lulẹ̀.

Ẹja bacalhau ni ó gbà mí lákòókò jù. Ẹja oníyọ̀ ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti Norway àti Iceland wá, èyí tó mú kí n tún ìpinnu mi rò. Èmi tí wọ́n fi ọbẹ̀ panla tọ́ dàgbà, tí panla gbígbẹ náà sì ń ti Norway wá, kò lè sọ pé oúnjẹ wọn kì í ṣe tiwọn. Mo ní kí bàbá tó ń tà á gé lombo fún mi, ìyẹn ibi tó nípọn jù. Ó kìlọ̀ pé kí n rẹ ẹ́ sínú omi tútù nínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì, kí n sì máa pààrọ̀ omi náà. Kì í ṣe bíi panla tí kò níyọ̀, tí a lè da omi gbígbóná lé lórí.

Wàràkàṣì Serra da Estrela ló dùn mí pé n kò lè gbé. Wàrà àgùntàn ni, òdòdó ẹ̀gún kan ni wọ́n sì fi ń mú un dì, bí àwọn Fúlàní ṣe ń fi bọmubọmu mú wàrà dì nílé wa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Britain kò gba kí arìnrìn-àjò kó wàràkàṣì wọlé láti Yúróòpù, nítorí náà mo jókòó, mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo rẹ ẹja náà sómi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó mi fi ro ẹ̀fọ́, kò sì fi iyọ̀ kankan sí i.